Bí a ṣe ń padà sídìí eré ìdárayá lẹ́yìn tó ti sú ni

Ohun méjì ló sábà máa ń ṣe ẹni tó fi eré ìdárayá sílẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta tó wá fẹ́ padà. Àwọn kan á máa dúró de ọjọ́ tí ara wọn á yá sí i, ọjọ́ náà kò sì ní dé. Àwọn mìíràn á jí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sá gbogbo eré tí wọ́n máa ń sá tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, wọn ò ní lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàtà á sì tún padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ẹni tí kò ní ilé ìdárayá nítòsí, tí oòrùn ń pa, tí ọjà ń pè, ṣùgbọ́n tó ní ògiri, àga kan, bídọ́ọ̀nù omi, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má dúró de ìfẹ́, nítorí ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ìfẹ́ máa ń tọ̀ bọ̀. Ẹ mú ìwọ̀n tó kéré, ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí iṣan àti egungun yín pinnu bí ẹ ṣe máa yára tó. Ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ fún èémí, a ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ló lé yín kúrò?

“Ó sú mi” kì í ṣe ìdí, àbájáde ni. Ẹ mú kàyé kan, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe eré ìdárayá kẹ́yìn sínú rẹ̀, kí ẹ wá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ibà tàbí àìsàn mìíràn ló dá yín dúró, ara ni kò gbà. Ẹ kò nílò ìbáwí, oúnjẹ àti àkókò lẹ nílò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ oko tàbí ọjà ló gba àkókò tẹ́ ẹ ń lò, àkókò ni kí ẹ yí padà. Bó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jáde ló kó lọ sí Kútọnu, ẹ wá ẹlòmíràn kí ẹ tó wá ohunkóhun. Bó bá jẹ́ orúnkún tàbí gìgísẹ̀ ló ń dùn yín, tẹ́ ẹ wá ń pe ìrora náà ní ọ̀lẹ, ẹ ka apá tó sọ nípa ìrora nísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí àwọn ènìyàn kì í sì í fẹ́ gbà, ni pé ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń ṣe é lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, tó tún ń ṣiṣẹ́, tó tún ń tọ́mọ, kì í ṣe ọ̀lẹ bó bá dáwọ́ dúró. Ẹrù ló wúwo ju orí lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sí ètò àtijọ́ rárá, torí ètò yẹn gan-an ló lé e kúrò.

Ohun tó ń lọ nínú ara

Bí ènìyàn bá dáwọ́ dúró, èémí ló kọ́kọ́ ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, omi inú ẹ̀jẹ̀ á ti dín kù, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà tó bá lù lẹ́ẹ̀kan á kéré sí i, ọkàn á wá ní láti máa lù kíákíá kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó ń fi ìrọ̀rùn ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè kékeré fi ń mú yín mí hẹlẹhẹlẹ. Agbára inú ẹran ara máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lọ, ara tó sì ti lágbára rí máa ń yára gba agbára rẹ̀ padà ju ara tí kò lágbára rí lọ.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Èémí àti ẹran ara máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun, irú èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, àti egungun fúnra rẹ̀, oṣù ni wọ́n fi ń le, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ irú iṣan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, èémí á máa sọ pé ó yá, kí a lọ, nígbà tí gìgísẹ̀ ò tíì múra. Ẹ ṣọ́ra jù lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá fara pa níbẹ̀ kò ní lè ṣe ohunkóhun fún oṣù kan tàbí méjì, gbogbo ìgbìyànjú rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ rí dókítà ná

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, pàápàá bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún. Bó bá tó 180 lórí 110, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì tiwa máa ń pè ní 18 lórí 11, ẹ má bẹ̀rẹ̀ títí dókítà yóò fi bá yín mú un wálẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí àyà ń fún mọ́ra tàbí tó ń dùn ún bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹni tó ti dákú rí lẹ́nu iṣẹ́ agbára, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, aboyún, àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀.

Ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kó pín gbogbo ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ yìí sí méjì kó mú ìdajì, kó mu omi kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì ṣe é títí tí á fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Òùngbẹ àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń jí ìrora àìsàn náà.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe eré ìdárayá nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbóná. Àwọn kan máa ń sọ pé ibà ń bá òógùn eré jáde, irọ́ ni. Àìsàn tó ń mú ara gbóná lè kan ọkàn, eré á sì dá kún un. Bó bá jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ẹ parí oògùn, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ padà máa wọlé dáadáa, ẹ sinmi ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ọjọ́ kìíní: ẹ wọn ara yín

Ohun mẹ́ta péré ni ẹ ó kọ sínú kàyé.

Àkọ́kọ́ ni ìlù ọkàn. Kí ẹ tó dìde lórí ẹní ní àárọ̀, ẹ fi ìka méjì, ìka ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e, sórí ọrùn ọwọ́ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Ẹ má lo àtàǹpàkò, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀. Ẹ kà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Láàárín 60 sí 100 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ, ó yẹ kó máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣàdédé fi mẹ́wàá lé ní àárọ̀ kan, tí ara sì wúwo, àìsàn lè máa bọ̀, tàbí kí ara ṣì nílò ìsinmi. Ẹ fi ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ìkejì ni jíjókòó-dìde. Ẹ jókòó sórí àga tí kò ní kẹ̀kẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má bàa yẹ̀, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, kí ẹ máa dìde tán, kí ẹ máa jókòó padà. Ẹ ka iye tẹ́ ẹ lè ṣe nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Ìkẹta ni ibi tẹ́ ẹ lè rìn dé. Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé yín, ẹ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gééré, kí ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí: igi máńgòrò, ìsọ̀ aránṣọ, mọ́sálásí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ tún un rìn ní ọ̀nà kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà. Igi máńgòrò yẹn á ti wà lẹ́yìn yín. Ìdí tí a fi fẹ́ràn ìwọ̀n yìí ju òṣùwọ̀n kílò lọ ni pé ìwọ̀n ara lè má yí padà fún oṣù kan, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ fi ẹnu wọn agbára rẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ka ìlà kan nínú oríkì ilé yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá lè kà á tán láìdúró mí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò lè kọ ọ́ lórin, ìwọ̀n tó dáa nìyẹn. Bí ẹ bá lè kọ ọ́ lórin, ẹ yára díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré lẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ẹ ti ń sá jù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ẹ má fi kún un, bí ara bá tilẹ̀ ń yá gágá. Ó máa ń ṣòro fún àwọn tó ti lágbára rí láti gbà èyí, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ méjì yìí kì í ṣe ẹsẹ̀, jíjáde ni. Ẹ fẹ́ kí ọjọ́ mẹ́jọ kọjá tẹ́ ẹ sọ pé ẹ máa jáde tẹ́ ẹ sì jáde. Ẹ jẹ́ kó parí nígbà tó ṣì ń wù yín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ mẹ́rin. Láàárín rẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú kan rìn kíákíá bí ẹni tó ti ń pẹ́ débi ìsìnkú, kí ẹ padà sí ìrìn yín, kí ẹ tún un ṣe títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà: bí orúnkún àti gìgísẹ̀ kò bá ní ẹjọ́ kankan, ẹ lè fi eré pẹ̀lẹ́ sí i, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín. Ẹ rìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sá eré pẹ̀lẹ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn méjì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹ tún rìn ìṣẹ́jú márùn-ún láti fi parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kí ìgbésẹ̀ kúrú, kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ ní abẹ́ ara, kó má máa nà síwájú. Ẹsẹ̀ tó bá nà síwájú kó tó balẹ̀ máa ń gbé ìwúwo ara lé orúnkún àti ojúgun.

Ọ̀sẹ̀ keje: ẹ sá ìṣẹ́jú méjì, ẹ rìn méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: ẹ sá mẹ́ta, ẹ rìn méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìrìn níwájú, márùn-ún lẹ́yìn. Bí ẹ bá tún fi ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lọ́jọ́ méjì mìíràn, ti ọ̀sẹ̀ kẹjọ á pé 150 ìṣẹ́jú, tí í ṣe iye tó kéré jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe lọ́sẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ sáré rárá kò pàdánù ohunkóhun: kó máa rìn, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí á fi di ọgbọ̀n.

Agbára: ògiri, àga, bídọ́ọ̀nù

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kún un fún eré agbára. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, nínú ilé, kódà nígbà òjò. Ẹ ṣe ìkọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́jọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jíjókòó-dìde lórí àga. Ẹ sọ̀kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ìdí yín fọwọ́ kan àga láìjẹ́ kí ìwúwo yín bọ́ lé e, kí ẹ tó dìde. Orúnkún gbọ́dọ̀ máa tọ ìka ẹsẹ̀ lọ, kó má ya wọnú. Ẹ má lo àpótí ìdáná ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó rẹlẹ̀ jù fún orúnkún tó ti sinmi pẹ́.

Lẹ́yìn náà, ògiri. Ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní ọ̀gangan èjìká, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí ẹ ti ara yín padà. Tó bá di pé ẹ̀ẹ̀mejìlá ò ni yín lára mọ́, ẹ lọ sí etí tábìlì tó wúwo, lẹ́yìn ìyẹn sí ilẹ̀ lórí orúnkún, lẹ́yìn náà sí ilẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ sábà máa ń fi ẹ̀yìn rọ̀, ìbàdí á wá gba ohun tí àyà ò lè gbé.

Bídọ́ọ̀nù lítà márùn-ún tó kún fún omi jẹ́ kílò márùn-ún gééré, ìdajì rẹ̀ jẹ́ kílò méjì àbọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dáa ju òkúta lọ: ẹ lè fi ife omi kan kún un lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fi ọwọ́ kan ti àga, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ̀yìn nà gbọọrọ, kí ẹ fa bídọ́ọ̀nù láti ìsàlẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ìgbọ̀nwọ́ ni kó máa lọ sókè, kì í ṣe èjìká. Ẹ di ìdérí rẹ̀ le.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹ kò gbọdọ̀ fò, torí òun ló ń múra gìgísẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ẹ di ògiri mú, ẹ gbéra sókè lórí ìka ẹsẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ti èyí, lẹ́ẹ̀mejì. Sísọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìdẹ̀ra yẹn ló ń mú iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ le. Bí ẹ bá kàn já bọ́ sílẹ̀ gbì, ìdajì iṣẹ́ náà ti ṣòfò.

Ọjọ́ ọjà àti àáró

Ètò tó sọ pé “ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì” dáa fún akọ̀wé. Ní Kétu àti ní àwọn abúlé yíká, ẹni tó ń ná ọjà ọrọọrún mọ̀ pé ọjà kì í dúró lójú kan nínú ọ̀sẹ̀: lónìí ó bọ́ sí Ajé, ìgbà tó ń bọ̀ ó bọ́ sí Ẹtì. Ẹni bẹ́ẹ̀ á máa pa ọjọ́ jẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, á sì rò pé òun ni kò ní ìgboyà. Ẹ ka ti yín láti orí ọjà. Ọjọ́ ọjà, ìsinmi: ẹrù tẹ́ ẹ rù àti ìdúró tẹ́ ẹ dúró tó. Ọjọ́ kejì ọjà, ìrìn. Ọjọ́ kẹta, eré agbára. Ọjọ́ kẹrin, ìrìn. Lẹ́yìn náà, ọjà ti tún dé. Ètò yìí kò ní bá ọjà jà láé.

Lẹ́yìn ọjọ́, ẹ mú wákàtí, ṣùgbọ́n ẹ má fi agogo mú un, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe mú un: “bí mo bá kírun àsùbáà tán,” “bí mo bá gbá àgbàlá tán,” “bí mo bá tilẹ̀kùn ìsọ̀ tán.” Ẹ gbé bàtà àti aṣọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn lálẹ́, kẹ́ ẹ má bàa máa wá ìbọ̀sẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí oorun ṣì wà lójú.

Ní ti ẹlẹgbẹ́, àwọn baba wa ti ṣe ohun tó dáa sílẹ̀, àáró ni. Bí a bá ro oko rẹ lónìí, a ó ro tèmi lọ́la; kò sẹ́ni tó ń jẹ gbèsè ọjọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tí á máa sùn. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò, ẹ pín ọjọ́ náà: lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó lọ kanlẹ̀kùn bàbá Táíwò, lọ́jọ́ kejì, òun náà á wá kanlẹ̀kùn yín. Wíwá sẹ́nu ọ̀nà ló ṣe pàtàkì. Ìpàdé ní oríta rọrùn láti pa jẹ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti jẹ́ kí àgbàlagbà dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa pè “ṣé ẹ ti jí?” kí ẹ dákẹ́ sínú yàrá. Àwọn kan máa ń bu owó ìtanràn, 100 tàbí 200 sẹ́fà, lé ẹni tí kò wá. A kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á níyànjú. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè ẹ̀ẹ̀mẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹgbẹ́ náà, á sì torí owó náà kúrò pátápátá.

Ilẹ̀, oòrùn, ọyẹ́, bàtà

Kí àwọn ará Àjàṣẹ́ yẹra fún ọ̀nà ńlá Ouando ní àkókò tí ọ̀kadà ń gbé ènìyàn lọ síbi iṣẹ́, èéfín rẹ̀ pọ̀. Etí ọ̀sà àti àwọn òpópó inú àdúgbò dáa jù ní ìdájí. Ẹ ṣọ́ra lórí yanrìn jíjìn: gìgísẹ̀ máa ń rì sínú rẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á sì nà ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ pupa líle ti Kétu dáa fún ẹsẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lẹ́yìn òjò.

Sábẹ̀ ní òkè, ẹ̀bùn ńlá sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọ́dọ̀ dé. Kí ẹ sì mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ ló ń fa ìrora ju gígun òkè lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹran itan ń nà bó ṣe ń di ìwúwo yín mú, nínà yìí ló sì ń já a ní wẹ́wẹ́. Títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ má gun òkè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kúkúrú.

Oòrùn kì í ṣe ọ̀tá bí ẹ bá tètè jáde. Ìdájí tàbí lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, ẹ wọ aṣọ funfun kí ọlọ́kadà lè rí yín, kí ẹ sì máa rìn ní apá tí ẹ ó ti máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú yín. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ló ń dààmú èèyàn: ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo imú, kí ẹ sì ṣe ti inú ilé lọ́jọ́ tí eruku bá bo òkèèrè. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sáré níta ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàtà àlòkù kò burú, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi gìgísẹ̀: ó gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀ kó sì padà. Bó bá le bí pákó, tàbí tó ti hun jọ ní ìlàìlà, fóòmù inú rẹ̀ ti kú. Ẹ tẹ bàtà náà: ibi ìka ẹsẹ̀ ni kó ti ká, kì í ṣe àárín. Ẹ gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ mọ ọ́n, á sì máa fa ẹsẹ̀ yín síbẹ̀. Kí àyè ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò wà níwájú ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù.

Omi, oúnjẹ àti ààwẹ̀

Omi inú ọ̀rá kan, ìyẹn ìdajì lítà, ní wákàtí kan ṣáájú, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ti tó fún eré tí kò ju wákàtí kan lọ. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n, ẹ kò mu tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ tó fún ẹni tí kò lè jáde lórí òfìfo. Lẹ́yìn eré agbára, ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí wàgásì (wàrà) ni kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e ní.

Nínú oṣù Ramadan, ẹ má gbìyànjú láti tẹ̀ síwájú. Ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, ẹ rìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú ìṣínu kí omi lè wà nítòsí, kí ẹ sì ṣe eré agbára ní bíi wákàtí méjì lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tó bá pa ìdajì mọ́ fún oṣù kan kò ní ní ohun púpọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún.

Ìrora: èwo ni ti eré, èwo ni ti ìpalára?

Ìrora tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tó wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tàn káàkiri ẹran, tó sì ń dín kù bí ẹ bá ti ń rìn, ti eré ni. Á le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹ rìn pẹ̀lẹ́, ẹ má dùbúlẹ̀ sójú kan.

Èyí tó wà ní ojú kan ṣoṣo, tó ń gún, tàbí tó mú kí ẹ máa tiro, kì í ṣe ti eré. Ẹ fi ìka kan tẹ egungun ojúgun láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ìrora bá tàn lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú rẹ̀, ẹ dá eré sísá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa rìn. Bó bá wà ní ibì kan tí kò ju ojú owó ẹyọ lọ, egungun lè ti fẹ́ là, ẹ lọ rí dókítà. Gìgísẹ̀ tó le gan-an nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ẹní ń sọ fún yín pé ẹ fi òkè àti eré sílẹ̀, kí ẹ tẹra mọ́ gbígbéra lórí ìka ẹsẹ̀.

Bí ìtọ̀ bá dúdú bí kóòkì lẹ́yìn eré tó le, tí ẹran sì wú tó ń dùn kíkan, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹran ara tó bàjẹ́ ló ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá padà pẹ̀lú ìbínú, tó ṣe ohun oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ló ń fi ara rẹ̀ sínú ewu yìí. Bí àyà bá fún mọ́ra, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ síbi tí dókítà wà.

Bí ẹ bá pa ọjọ́ jẹ

Ẹ ó pa ọjọ́ jẹ. Òjò á rọ̀, ọmọ á ṣàìsàn, òkú á kú ní Sàkétẹ́. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tó lọ, sísan gbèsè rẹ̀ ni: ẹni tó fi ti ọjọ́ mẹ́ta kún ti ọjọ́ kẹrin. Ẹ má san án.

Ọjọ́ kan sí mẹ́ta: ẹ máa bá ètò lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kan: ẹ tún ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta: ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú ètò, kí ẹ sì ṣe ìdajì bídọ́ọ̀nù. Oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà lẹ ti parí rí, ẹ lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan dípò méjì nínú ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fo ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, gìgísẹ̀ ṣì ń fẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí ohun gbogbo bá takò yín, ẹ wọ bàtà, ẹ rìn dé igi máńgòrò tẹ́ ẹ kọ sínú kàyé lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ padà. Ẹ fi àmì sí i nínú kàyé pé ẹ ṣe é.